Bí ẹ ṣe lè yan sáfà tí ẹ ó lè tún ṣe fúnra yín lóru

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń yá ènìyàn ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn nígbà gbogbo láti dá àwọn tó ń lo ìkànnì yín lóhùn, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ yín fẹ́ ṣe sí i ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Mo mọ̀ pé ara máa ń yá wa láti kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ pé, "Kí ni ìwọ ń lò?" Ẹ̀wù tí wọ́n gé mọ́ ọ̀rẹ́ yẹn lára ni ìdáhùn rẹ̀. Ó lè bá yín mu, ó sì lè fún yín ní abíyá.

Iṣẹ́ kan tí mo ṣe ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 600, fẹ́ kí oníkálukú lè máa fi fóònù wo iye tó ti dá, iye tó yá, àti iye tó ṣẹ́kù tó máa san padà. Gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ nìyí. Owó ni à ń kọ sílẹ̀, a ò gbọdọ̀ ṣì í kọ. Ìparí oṣù ni èrò máa ń pọ̀. Èmi nìkan ni n ó máa tọ́jú rẹ̀.

Gbólóhùn kẹta yẹn ni mo fi yan gbogbo ohun tó kù. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi lórí ohun kọ̀ọ̀kan ni pé: bí èyí bá kú ní aago méjì òru, ṣé èmi nìkan, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti dátà fóònù, lè rí ibi tó ti bàjẹ́ kí n sì tún un ṣe? Ohun tí mi ò bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún, mi ò gbé e sórí sáfà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí n ó dárúkọ fi jẹ́ open source. Kóòdù wọn wà ní gbangba, ẹ lè kà á, ẹ lè lò ó láìsan owó ìwé àṣẹ, ẹlòmíràn tó ti bá ìṣòro yín pàdé sì sábà máa ń ti kọ bó ṣe yanjú rẹ̀ sílẹ̀.

1. Ẹ ṣírò èrò tó ń bọ̀

Ìbẹ̀rù èrò ló máa ń mú kí ènìyàn ra ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ká ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ 600 wọlé láàárín wákàtí kan náà ní ọjọ́ tí oṣù parí, tí oníkálukú sì ṣí ojú ìwé 10. Ojú ìwé 6,000 nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, nítorí náà kò tó ojú ìwé méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kódà bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kò tó 17. Sáfà kékeré tí wọ́n pín lára kọ̀ǹpútà ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní VPS, tó ní CPU méjì àti RAM 2 GB, máa ṣe é wẹ́rẹ́ bí kóòdù yín bá dára díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kubernetes àti sáfà márùn-ún, ẹ bi í pé èrò mélòó ló rí. Kubernetes wúlò gan-an. Google ló gbé e síta ní 2014, fún iṣẹ́ tó tàn ká orí ọ̀pọ̀ sáfà. Àmọ́ ẹni tó ní ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo kò nílò alásè mẹ́wàá.

2. Ibi tí sáfà máa wà

Bí sáfà bá wà ní Yúróòpù tí oníbàárà yín wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ máa gba inú wáyà abẹ́ òkun lọ, á sì gba ibẹ̀ bọ̀. Àlọ àti àbọ̀ láti Èkó dé London máa ń gba nǹkan bí 100 milisẹ́kọ́ǹdù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Àmọ́ fóònù ní láti kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà kó bá sáfà ṣe àdéhùn àṣírí HTTPS, kó tó wá béèrè ojú ìwé. Àlọ-àbọ̀ mẹ́ta nìyẹn, ká tó sọ ti àwòrán àti àwọn fáìlì mìíràn. Ẹni tó ń lo fóònù olówó pọ́ọ́kú lórí 3G máa mọ̀ ọ́n lára.

Wáyà náà sì lè gé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnukọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Sáfà tó wà ní Èkó, tó sì so mọ́ IXPN, ibùdó tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń gba dátà lọ́wọ́ ara wọn, lè dá ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Bódìjà lóhùn láìfi ẹsẹ̀ kan òkun rárá.

Owó náà ńkọ́? Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí 2024 fi máa parí. Sáfà dọ́là 10 lóṣù tí ẹgbẹ́ fi ₦4,600 sílẹ̀ fún di ohun tó ń gba ₦15,000. Bí náírà bá ni ẹgbẹ́ yín ń gbà wọlé, ẹ wá ẹni tó ń gba náírà, kí ìjókòó ìparí ọdún má baà di ìjà. Tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá wà ní Peckham tàbí Houston, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ gbé sáfà lọ sí òkè òkun láìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ òfin kékeré kan: Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò dátà láti oṣù Kẹfà 2023, ó sì ní ohun tó sọ nípa gbígbé dátà àwọn ènìyàn lọ sí òkè òkun. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bọ́wọ̀ fún un ni kí ẹ má gba ohun tí ẹ ò nílò. Ẹgbẹ́ yẹn fẹ́ kí n gba BVN gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kò sẹ́ni tó rí èsì. A yọ ọ́ kúrò.

3. Debian, Ubuntu, tàbí àwọn ìbátan Red Hat

Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ẹni tó ń tọ́jú wọn àti bí ìtọ́jú náà ṣe máa pẹ́ tó. Ohun tó kọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́gbọ́n ni CentOS 8, ọ̀kan lára àwọn ìbátan Red Hat. Àwọn ènìyàn gbé e sórí sáfà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó máa ní ìtọ́jú títí di 2029. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n kéde pé ìparí 2021 ni ó máa kú. Rocky Linux àti AlmaLinux jáde láti gba ipò rẹ̀, wọ́n sì dára, pàápàá bí ọ́fíìsì tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún bá ti mọ Red Hat tẹ́lẹ̀.

Èmi ń lo Debian. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní 1993, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan tó ni ín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń darí rẹ̀ pẹ̀lú òfin tí wọ́n jọ kọ, wọ́n sì ń dìbò yan olórí. Kò sẹ́ni tó lè tà á lójijì. Ẹ̀dà tuntun máa ń jáde ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì, ìkọ̀ọ̀kan sì ń ní ìtọ́jú ààbò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún lápapọ̀. Debian 13 jáde ní oṣù Kẹjọ 2025. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ti South Africa bẹ̀rẹ̀ ní 2004, gbé ara lé Debian, àṣẹ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí Ubuntu bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lò ó, kí ẹ ṣáà rí i pé LTS ni ẹ mú, èyí tó ń jáde ní oṣù Kẹrin ọdún tó bá ṣeé pín sí méjì, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ọdún márùn-ún.

4. Ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà

Ètò kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa gba àlejò, kó máa mú wọn wọlé lọ bá kóòdù yín. Apache ti ń ṣe é láti 1995. Nginx dé ní 2004 láti ọwọ́ Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà. Ní ìlànà Apache àtijọ́, ìránṣẹ́ kan ni fún àlejò kan: bí àlejò 200 bá dúró, ìránṣẹ́ 200 máa dúró tì wọ́n, gbogbo wọn á sì máa jẹ RAM. Nginx dà bí ìyá olóúnjẹ kan tó ń gbọ́ ti gbogbo èrò orí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo ẹni tí oúnjẹ tirẹ̀ bá ti jinná ló ń gbé jáde. Lórí sáfà kékeré, ìyàtọ̀ yẹn hàn kedere, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ̀kì oníbàárà ń falẹ̀.

Ẹ mú Apache bí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, bá ni ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ lo .htaccess, fáìlì tí a fi ń sọ fún Apache bó ṣe máa ṣe nínú fódà kan. Ẹ mú Caddy bí ẹ ò bá fẹ́ dààmú nípa HTTPS rárá, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba ìwé ẹ̀rí tí HTTPS nílò. Èmi mú Nginx, mo sì fi certbot gba ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ Let's Encrypt. Ọjọ́ 90 ni ìwé ẹ̀rí yẹn máa ń lò. Certbot máa ń tún un gbà fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e kalẹ̀:

`sudo certbot renew --dry-run`

5. Dátábéèsì, ibi tí owó wà

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. A lè pààrọ̀ ẹni ẹnu ọ̀nà láàárín wákàtí kan. Dátábéèsì, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ yín, máa ń dà bí ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan máa mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

SQLite ni mo kọ́kọ́ rò. Fáìlì kan ṣoṣo ni, D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000, ó sì wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Fún ìkànnì tí ènìyàn ń kà ju kíkọ lọ, ó tó, ó sì rọrùn láti tọ́jú. Ohun méjì ló lé mi kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àti akápò máa ń tẹ owó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni SQLite sì ń jẹ́ kó kọ̀wé lákòókò kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ ò bá sọ fún un pé kó le koko, ó máa gba ọ̀rọ̀ sínú àyè tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà. Mi ò fẹ́ dátábéèsì tí wọ́n lè tẹ "ẹgbàá" sí ibi tó yẹ kí 2000 wà, kó sì dákẹ́.

Ó wá ku MariaDB àti PostgreSQL. Àwọn tó ṣe MySQL ló ya MariaDB sọ́tọ̀ ní 2009, nígbà tí wọ́n rí i pé MySQL ń bọ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ Oracle. Monty Widenius fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ Maria pè é, bó ṣe fi orúkọ My, ẹ̀gbọ́n Maria, pe MySQL. PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1986. Àwọn méjèèjì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mú PostgreSQL nítorí ó máa ń lé ohun tí kò tọ́ padà láìgbojú fò ó, ó sì ní orí alájọ Ṣómólú: bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí owó ń kúrò ní àkántì kan bọ́ sí èkejì, ó máa padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò ní fi owó sáàárín afẹ́fẹ́.

Kí ẹ kọ owó sílẹ̀ ní kọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bí odidi nọ́ńbà, tàbí kí ẹ lo irú dátà tó ń jẹ́ NUMERIC. Ẹ má lo float, irú nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń fi ojú díwọ̀n. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi float ro 0.1 mọ́ 0.2, kí ẹ wo èsì rẹ̀: 0.30000000000000004. Ọmọ ẹgbẹ́ 600, oṣù 12, àṣìṣe kékeré yẹn á di ìbéèrè ní ìpàdé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti èdè wa, torí mi ò rí i nínú àwọn ìtọ́sọ́nà tí àwọn ènìyàn máa ń kà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́ pè pé orúkọ òun ò sí nínú ìwé. Akọ̀wé wá a, kò rí i. Èmi fúnra mi ṣí tábìlì náà, mo rí orúkọ ọ̀hún níbẹ̀ gbangba. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí akọ̀wé tẹ̀ jọra délẹ̀délẹ̀, dátábéèsì sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ohun tó fà á ni lẹ́tà ẹ́. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún un. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà kọ ọ́. Ó lè jẹ́ ẹ, U+1EB9, tí àmì ohùn òkè, U+0301, tẹ̀ lé: báìtì márùn-ún. Ó lè jẹ́ e lásán, kí àmì abẹ́, U+0323, tẹ̀ lé e, kí àmì ohùn tó dé: báìtì márùn-ún náà ni, ṣùgbọ́n báìtì ọ̀tọ̀. Ó sì lè jẹ́ é, U+00E9, tí wọ́n wá fi àmì abẹ́ kún: báìtì mẹ́rin. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni. PostgreSQL ń ka báìtì. Fóònù ìyá náà lo ọ̀nà kan, kọ̀ǹpútà akọ̀wé lo òmíràn.

Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ sọ gbogbo orúkọ di ẹ̀yà kan náà, èyí tó ń jẹ́ NFC, kí ó tó wọlé, kí ẹ sì ní kí dátábéèsì lé ohun tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ padà. PostgreSQL ti ní in nínú láti ẹ̀dà 13:

`ALTER TABLE omo_egbe ADD CHECK (oruko IS NFC NORMALIZED);`

Ó ku ọ̀kan tí NFC kò lè wò sàn. Àwọn kan ń lo ìlà kékeré òòró lábẹ́ lẹ́tà, U+0329, dípò àmì róbótó náà, U+0323. Fún Unicode, àmì ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nínú kóòdù yín kí ẹ tó sọ ọ́ di NFC.

Ní ti wíwá orúkọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń tẹ "Ope" lásán lórí fóònù. Ẹ ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kejì fún wọn: ẹ tú orúkọ sí NFD, ẹ̀yà tó ya lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ yọ gbogbo àmì tó wà láti U+0300 dé U+036F, ẹ sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, kí ẹ sì máa wá nínú ìyẹn. Kí orúkọ gidi máa wà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún fífihàn. Bí MySQL bá ni ẹ mú, ẹ ṣọ́ra ní ìdàkejì: láti ẹ̀dà 8, bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wéra ni pé kò ka àmì sí, oko, ọkọ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí orúkọ má ṣe jọra máa rí i pé ó lé ẹni tí kò jẹ̀bi padà. Kí ẹ sì rí i pé utf8mb4, èyí tó gba gbogbo lẹ́tà Unicode, ni ẹ yàn, kì í ṣe utf8 lásán.

6. Èdè tí ẹ ó fi kọ ọ́

Èyí tí ẹ mọ̀. PHP pẹ̀lú Laravel, Python pẹ̀lú Django, tàbí JavaScript lórí Node, gbogbo wọn máa gba ojú ìwé 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tún wo ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́la. Ní Ìbàdàn àti Èkó, mo máa ń rí ẹni tó mọ PHP kí n tó rí ẹni tó mọ òmíràn. Mo mú PHP.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò RAM, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sáfà kékeré ti ń kú. Tèmi kú lẹ́ẹ̀kan. Ní alẹ́ ìparí oṣù, gbogbo ènìyàn ń rí "502 Bad Gateway". Nọ́ńbà yẹn ń sọ̀rọ̀: Nginx wà láàyè lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń ránṣẹ́ sí nínú ilé ni kò dáhùn. Mo tẹ `journalctl -k`, mo sì rí ìlà yìí nísàlẹ̀: "Out of memory: Killed process". RAM ti tán, Linux sì ti pa ẹni tó rí pé ó ń jẹ púpọ̀ jù.

Èmi ni mo fà á. Mo ti jẹ́ kí PHP-FPM, ètò tó ń bá Nginx ṣe iṣẹ́ kóòdù PHP, lè bí òṣìṣẹ́ 50. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ yìí ń jẹ nǹkan bí 50 MB. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá jọ jí, 2,500 MB nìyẹn, lórí sáfà tó ní 2 GB, tí PostgreSQL àti Debian fúnra wọn sì ní tiwọn láti jẹ. Mo sọ `pm.max_children`, iye òṣìṣẹ́ tó lè bí, di 12. Òṣìṣẹ́ 12 jẹ́ 600 MB; bí èrò bá pọ̀, wọ́n á tò sórí ìlà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tó máa kú. Ẹ fi `free -m` wo tiyín nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ẹ ṣe ìṣirò kan náà.

7. Ẹ ka ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbára lé ohunkóhun

Ìwé àṣẹ lè yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ́lé lé e. Redis, ètò kan tó ń tọ́jú dátà sínú RAM kó lè yá, yí tirẹ̀ padà ní oṣù Kẹta 2024. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́ mú kóòdù tó ṣì wà ní ìlànà àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ Linux Foundation, wọ́n pè é ní Valkey. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Elasticsearch, ètò tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀, ní 2021. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni kóòdù náà, tàbí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló dì í mú. Debian àti PostgreSQL wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Fún ẹgbẹ́ yẹn, mi ò tilẹ̀ gbé Redis tàbí Valkey kalẹ̀. PostgreSQL tó, ohun kan dín kù tí mo ní láti jí tún ṣe.

8. Ẹ gbé e kalẹ̀

Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ fi `ssh-keygen -t ed25519` ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi `ssh-copy-id` gbé e lọ sórí sáfà. Ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé kejì kí ẹ tún wọlé, kí ẹ tó kọ `PasswordAuthentication no` sínú ètò SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè. Ẹ má pa fèrèsé àkọ́kọ́ títí ẹ ó fi rí i pé èkejì wọlé lẹ́yìn ìyípadà náà.

Ohun tó kàn ni ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ ṣe tò ó ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá fi ìlà tó kẹ́yìn ṣíwájú máa ti ara rẹ̀ mọ́ta:

`sudo apt install ufw tmux unattended-upgrades`
`sudo ufw allow OpenSSH`
`sudo ufw allow 80,443/tcp`
`sudo ufw enable`

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ṣí 5432, ojú ọ̀nà PostgreSQL. Kóòdù àti dátábéèsì jọ wà nínú ilé kan náà, kò sí ìdí tí àjèjì fi gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀.

Mo fi tmux síbẹ̀ nítorí iná àti nẹ́tíwọ̀kì wa. Bí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe ńlá tí ìsopọ̀ já láàárín, iṣẹ́ náà lè já pẹ̀lú rẹ̀, kí ètò sì wà ní ìdajì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ `tmux`, iṣẹ́ á máa lọ lórí sáfà bí ẹ tilẹ̀ kúrò. Ẹ padà wọlé, ẹ tẹ `tmux attach`, ẹ ó bá a níbi tó dé.

Ẹ wá gbé àwọn tó kù wọlé: `sudo apt install nginx postgresql php-fpm php-pgsql certbot python3-certbot-nginx`. Láti inú àpótí Debian fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé wọn, ẹ má lọ ṣa wọn láti ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí unattended-upgrades lè máa mú àtúnṣe ààbò wá fún gbogbo wọn pọ̀.

9. Ẹ̀dà ìpamọ́, kí ẹ sì dá a padà

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé mo ní ẹ̀dà ìpamọ́. Lálaalẹ́ ni àṣẹ kan ń fi `pg_dump` ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, tó sì ń gbà á kọjá sínú `gzip` tó ń fún un kó kéré, fáìlì tuntun sì ń wà níbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wo bí wọ́n ṣe tóbi tó, báìtì 20 ni ìkọ̀ọ̀kan. Mo ti yí páswọ́ọ̀dù dátábéèsì padà, `pg_dump` ń kùnà, `gzip` sì ń fi ọ̀wọ̀ di òfo mọ́ inú fáìlì, ó ń ní òun ti ṣe tán. Àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá rántí rẹ̀. Owó àwọn ìyá wa ló wà níbẹ̀.

Ẹ lo èyí, tó ń ké bó bá kùnà:

`pg_dump -Fc -f /var/backups/egbe.dump egbe`

Ẹ fi `rsync` gbé e kúrò lórí sáfà náà lọ síbòmíràn lójoojúmọ́. Kí ẹ sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti dá a padà sínú dátábéèsì òfo pẹ̀lú `pg_restore`, kí ẹ ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ro àpapọ̀ owó wọn. Bí àpapọ̀ bá bá ti ìwé akápò mu dé kọ́bọ̀, ẹ̀dà ìpamọ́ ni ẹ ní.

Ó ku ìdánwò kan kí ẹ tó jẹ́ kí oníbàárà wọlé. Ẹ tẹ `sudo reboot`, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́. Ẹ mú fóònù, ẹ máa ṣí ojú ìwé náà léraléra títí yóò fi dáhùn. Bí ó bá padà dé fúnra rẹ̀, ẹ wọlé kí ẹ tẹ `systemctl --failed` láti rí i bóyá ẹnì kan kù sẹ́yìn. Bí kò bá dé, ẹ ti rí iṣẹ́ ọ̀la lónìí. Ti ẹgbẹ́ Ìbàdàn yẹn gbà tó ìṣẹ́jú kan. Mo wá kọ ìlà méje tí ènìyàn nílò láti fi dá gbogbo rẹ̀ padà sórí sáfà tuntun sí ẹ̀yìn bébà tí mo kọ gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ sí, akọ̀wé sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́.